Mo Ti Bá Ọ Kéde Géèmù Náà ní Mọ́ṣáláṣí

Anas Àjàní, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ nínú Èkó yẹn, ọ̀nà tí o gbà lọ náà ni wàá fi ayọ̀ gbà padà wá. Àlàáfíà la wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Òjò ti ń rọ̀, ewúrẹ́ Sìkírátù ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun.

Ọ̀rọ̀ géèmù tí o sọ fún mi nígbà tí o pè lẹ́yìn ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní èyí tí o máa ń gbá ní kékeré, tí ọkùnrin kékeré kan ń fo odi nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe é ti pa á tì, wọn ò tà á mọ́, wọn ò tún un ṣe mọ́, àwọn tó ń gbá a kọ̀wé sí wọn títí wọn ò dáhùn, o wá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o gbé e sínú kọ̀ǹpútà rẹ. Háà, Àjàní! Ohun olóhun! Ta ló tiẹ̀ ń fún ọkùnrin kékeré yẹn lóúnjẹ látìgbà tí wọ́n ti pa á tì?

Mo lọ bá Mubaraq tó ń tún fóònù ṣe ní Takie. Ó ní òótọ́ lo sọ, bí wọ́n ṣe ń mọ géèmù tí wọ́n ti pa tì nìyẹn, ṣùgbọ́n olóhun ṣì ni olóhun, òfin ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn tíì bínú ni. Àyà mi já. Ilé Alfa Saifudeen ni mo gbà lọ tààrà, torí ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá he nǹkan gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Alfa ní ṣé àgbò ni géèmù. Mo ní rárá o, ọkùnrin kékeré ni, ó ń fo odi. Ó bá mi kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá kan ní tó bá ń fo odi, olè ni, kí wọ́n mú un lọ fún ọlọ́pàá.

Àṣé Bàbá Ràódàt, àbúrò bàbá rẹ, ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó àpò ẹ̀lùbọ́ wá sẹ́nu yàrá rẹ. Ó ní gbogbo àmì pé: fèrèsé já, o ò tún un ṣe, wọ́n pè ọ́, o ò gbé fóònù, o ò sì sùn níbẹ̀ láti Iléyá èṣí. Ó ní o ti pa yàrá tì. Ràódàt tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n má fi bàbá òun síbẹ̀, mo ní kó kọ ọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbagidi, mo ní olóhun ṣì wà. Ó ní kí Alfa kéde rẹ̀ nígbà náà, tí a ò bá rí ẹnikẹ́ni dìgbà Iléyá, ẹ̀lùbọ́ ń wọlé nìyẹn.

Ó dùn mí o. Yàrá yẹn ni mo bí ọ sí, mo sì ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Jọ̀ọ́, wá owó fèrèsé, má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, mú un wá fúnra rẹ, kí wọ́n fojú rí ọ. Mú ọkùnrin kékeré yẹn dání, màá se oúnjẹ tó máa yó ẹ̀yin méjèèjì.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, wàá rí jẹ, wàá rí mu, ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Èmi ni Asiyah, ìyá rẹ. Olóhun ṣì wà o, Àjàní. Mi ò kàn tíì bínú ni.