Ẹni Tó Bá Gbọ́ Ni Kó Yàgò

                                                            Lipová 7,
                                                            Dolní Habrov.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Ṣẹẹrẹ, 2016.

Jarmila, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Brno? Ọmọ rẹ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tó gbé ọ kúrò lọ́dọ̀ wa? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ara èmi le, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Otakar ọkọ mi ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí yóò fi iyọ̀ sí i.

Eegun èjìká rẹ̀ ló dá. Orí pápá ìsáré wa ló ti ṣẹlẹ̀, Radovan oníbúrẹ́dì ni wọ́n sì jọ kọlura. Má tíì bú ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n rò ó dópin.

O rántí pátákó tí o fọwọ́ ara rẹ kọ sí ẹnu ọ̀nà: ní ọ̀sẹ̀ aláìdọ́gba, ká máa yí sọ́wọ́ òsì, ní ọ̀sẹ̀ onídọ́gba, ká yí sọ́wọ́ ọ̀tún, kí eérú èédú tí a tẹ́ sórí pápá má baà jẹ lápá kan. Ọdún tó kọjá wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta, ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún tuntun ló sì tẹ̀ lé e. Aláìdọ́gba méjì tò léra. Radovan wo kàlẹ́ńdà, ó ní òsì náà ni. Otakar ní a ti yí sósì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yẹ kí ilẹ̀ sinmi. Ọ̀tún ló gbà.

Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn, àwọn méjèèjì sì wà ní ìlà inú. Otakar gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ké pé kí onítọ̀hún yàgò. Radovan náà ké pé kí wọ́n yàgò. O mọ àṣà wa, ẹni tí wọ́n bá ké sí ló ń bọ́ sí ìlà òde. Àmọ́ oníkálukú gbà pé òun ló lọ̀nà, kò sẹ́ni tó yà. Àgbà méjì, Jarmila! Inú bí mi ju bí àánú ṣe ṣe mí lọ.

Ní ọsibítù ni ìjà gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Radovan gbé kéèkì wá, ó sì yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní ni o."

Otakar ní, "Gbé kéèkì rẹ, kí o gbé kàlẹ́ńdà rẹ tẹ̀ lé e."

Láti ọjọ́ náà ló ti ní búrẹ́dì Radovan ò gbọdọ̀ wọ ilé wa. Ṣé kí n wá máa jẹ búrẹ́dì rohlík ilé ìtajà ńlá yẹn, tó dà bíi kànrìnkàn? Lọ́dọ̀ Radovan náà ni mo ń rà á, mo kàn ń kó o sínú àpò ibòmíì kí n tó wọlé.

Pápá ló ń bà mí lẹ́rù. Yìnyín ti ń yọ́, ilẹ̀ ti wú. Bí a kò bá fi rólà onírin tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì rọ̀, yóò di kòtò, ìgbìmọ̀ ìlú tó ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé ọkọ̀ sí yóò sì rí àwáwí. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fa rólà yẹn láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Otakar kàn ń jókòó lójú fèrèsé. Mo rò pé ó ti pàdánù pápá, ó ti pàdánù ọ̀rẹ́.

Nígbà tó di Sátidé àná, a gbọ́ igbe irin rólà. Otakar wọ bàtà, tòun ti apá tí wọ́n so kọ́rùn, mo sì tẹ̀ lé e. Radovan nìkan ló ń fà á, ó ń fà á wọ́kuwọ̀ku. Ọwọ́ kan kò kúkú gbẹ́rù dórí.

Otakar ní, "Wíwọ́ lo ń fà á."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kejì ni ò sí."

Ọkọ mi sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tó yá di irin náà mú. "Apá wo ká gbà?"

"Ibi tí ẹ bá fẹ́ ni."

"Ìwọ ni mo bi."

Ni Radovan bá bú sẹ́rìn-ín, mo sì ṣíjú kúrò kí wọ́n má baà rí omijé mi. Kí wọ́n tó parí, wọ́n ti fẹnu kò pé a ó fi ìlà kan kún pátákó: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ igbe ni kó yà, ìbáà jẹ́ òun ló lọ̀nà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ nìkan ni wọ́n fẹ́ kó kọ ọ́, nítorí náà, gbé búrọ́ọ̀ṣì dání wá lásìkò Àjíǹde.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé rohlík wálé nínú àpò Radovan gan-an, mo gbé e ka iwájú Otakar. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó wá ní, "Vlasta, àpò lásán lo ti ń pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ṣé o rò pé n kò mọ adùn ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni?"

Bá mi kí ọmọ rẹ àti gbogbo ilé. Má jẹ́ kí orúnkún yẹn rí òtútù.

Èmi tìrẹ tí kì í yẹ̀,
Vlasta.