Epo Ilẹ̀ Tó Jó Ọwọ́ Òjó

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú àmójútó gbogbo ẹni tí mo fi sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí bàbá, mo kí àwọn àbúrò mi. Mo kí àbúrò yín, ìyá Òjó, ní Ọ̀kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń tì mí.

Òjò kò dá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí èmi àti Òjó fẹsẹ̀ rìn dé yìí. Omi ni gbogbo ibi, kò sí òkúta kan téèyàn lè jókòó lé, àárò àwọn òkè wa sì ń sọ mí. Iṣẹ́ wa ni ká máa gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn òyìnbó tó ń wá epo dúdú. Èyí tí a bá rí, a ó gbé e kaná nínú ìkòkò irin, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ tí mo dé ni mo ti fọ́nnu pé ìyá mi ń fún epo pupa, pé kò sí ohun tí epo ń ṣe lórí iná tí n kò mọ̀. Nítorí pé mo gbọ́ èdè wọn díẹ̀, wọ́n fi mí ṣe olórí ìdí ìkòkò.

Ìyá mi, n kò mọ nǹkan kan. Epo yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ epo tiwa. Tí ooru bá kọ́kọ́ mú un, èyí tó fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ á di èéfín, á sì gbiná. Èyí tó kù á máa ki títí á fi dà bí ọ̀dà, lẹ́yìn náà á gbẹ bí èédú. Ọwọ́ iná á lọ sílẹ̀, èéfín á dá, èèyàn á rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọ inú èédú yẹn, á tún máa jó lẹ́ẹ̀kejì láìsí ọwọ́ iná, á sì gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òyìnbó ṣàlàyé èyí fún mi, ó ní kí n kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ta ni yóò kọ́ ọmọ elépo ní epo.

Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ iná lọ sílẹ̀, Òjó bi mí bóyá èédú náà ti tutù. Mo rí eérú funfun lórí rẹ̀, mo ní iná ti kú, kó máa bù ú. Ọwọ́ méjèèjì ló kì bọ̀ ọ́. Àwọn ìka rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra báyìí, kò lè di ọkọ́ mú.

Èyí tó burú jù ni ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Èmi ni mo rán oníṣòwò ará Ìṣùà yẹn sí yín pé ìwàǹwára Òjó ló kó bá a, pé a kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Irọ́ ni. Mo sì ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kò lè gbójú sókè ní Ọ̀kà mọ́, pé àwọn àna Òjó ní àwọn kò ní fi ọmọ fún òmùgọ̀. Òjó náà gbọ́. Ó kàn wò mí, ó ní ẹbí ni wá, kí n jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀kà, ẹ pe ìyá Òjó, ẹ pe àwọn àna, kí olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kà á sókè, kó má fo ibì kankan.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Òjó fúnra rẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Kò mọ̀wé, ó rò pé ìkíni lásán ló ń gbé bọ̀. Ẹ fún un ní ìjókòó níwájú gbogbo wọn kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwùmí