Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Olújídé Ògúnlẹ́yẹ, Ẹni Tó Yọ́ Òjé ní Èjìgbò (1914 sí 1969)

Agbolé Alágbẹ̀dẹ ní Èjìgbò ni wọ́n bí Bàbá wa Olújídé sí ní ọdún 1914. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn máa ń sọ pé iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni. Ògúnlẹ́yẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá ni bàbá wọn. Fáwùmí, ọmọ àgbẹ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ni ìyá wọn. Ọmọkùnrin méjì ni àwọn méjèèjì bí: Ògúnṣọlá ni ẹ̀gbọ́n, Olújídé ni àbúrò.

Bàbá kò rí ilé ìwé wọ̀. Ìdí ẹwìrì ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tó tó àkókò láti pín iṣẹ́, Ògúnṣọlá gba ọkọ́ rírọ, Olújídé gba òjé, irin rírọ̀ tó wúwo tó sì tètè ń yọ́ lórí iná. Nínú òjé ni wọ́n ti ń ṣe ọta ìbọn fún àwọn ọdẹ Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn olórìṣà Ògìyán. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́: òjé tí omi bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò tó ti gbóná. Bí omi bá kán sí i, yóò bú, yóò sì ta sí ojú ẹni tó dúró tì í. Ojú òsì Ògúnlẹ́yẹ ti lọ sí i. Bàbá wa kò gbàgbé òfin yìí lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún 1938 ni wọ́n gba ìrìbọmi. Láti ìgbà náà, bí ìjì bá ti ṣí páànù ilé ìjọsìn, àwọn ni yóò gun orí rẹ̀ tún un ṣe. Wọn kì í gba nǹkan kan ju ìṣó tó ti bàjẹ́ lọ, nítorí òjé díẹ̀ máa ń wà lórí ìṣó páànù. Lẹ́yìn ìjì, ẹ óò rí wọn tí wọ́n ń tẹ̀ káàkiri ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn pẹ̀lú agbọ̀n kékeré, wọ́n ń ṣa ìṣó. Díákónì kan bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí Kristẹni ń ṣe ẹ̀gbà fún olórìṣà. Bàbá dá a lóhùn pé, "Òjé ni mò ń yọ́, Díákónì. N kò yọ́ òrìṣà." Díákónì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kúkú bá òun yọ́ ọta ìbọn díẹ̀.

Ní ọdún 1948 ni wọ́n gbé Damaris, ọmọ Adéyẹmọ, níyàwó. Wọ́n bí Rose ní 1949, Oyèbọ̀dé ní 1958, àti Fákẹ́mi ní 1961. Ní 1956, Ògúnṣọlá ẹ̀gbọ́n wọn kú. Ọmọpẹ́ opó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bọ́látitó, kò lọ́kọ mìíràn. Bọ́látitó ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sí Abíjàn. Nítorí pé Damaris ń ná ọjà Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Ìyá Bọ́látitó ló ń gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ. Ààrò kan náà ni, ìkòkò kan náà.

Nígbà tó yá, òjé ìṣó kò tó fún àwọn tó ń béèrè mọ́, ọkọ̀ sì ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Láti ọdún 1961 ni Bàbá ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọrọ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Wọn a fi àáké là á, wọn a da omi kíkan inú rẹ̀ nù, wọn a sì yọ àwọn pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀. Àwọn pẹlẹbẹ yẹn a máa mu omi bíi kànìnkànìn, wọn kì í tètè gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá ń sá wọn sí oòrùn. Ṣùgbọ́n òjò ọdún 1964 kò dá. Bàbá rántí òfin bàbá wọn, wọ́n sì wá ibi gbígbẹ. Wọ́n kó àwọn pẹlẹbẹ náà sórí àjà tó wà lókè ààrò nínú ilé ìdáná, níbi tí ata àti ẹ̀gúsí ti máa ń gbẹ. Wọ́n rò pé ìṣọ́ra ni àwọn ń ṣe.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ kékeré méjèèjì. Fákẹ́mi kò lè yàgbẹ́, ó ń bì, lẹ́yìn náà ni gìrì mú un. A lo àgbo, a gbé e lọ sọ́dọ̀ olóògùn òyìnbó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Oyèbọ̀dé náà gbẹ, ó ń fi ọwọ́ di ikùn rìn.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ létí kànga. Obìnrin kan ní, "Ta ló ń bu oúnjẹ fún wọn?" Èkejì ní, "Ọmọ tiẹ̀ ṣáà wà ní Abíjàn, ara ẹ̀ le." Ọ̀rọ̀ náà wọ agbolé. Bàbá gbé e mì títí dé oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ kan, lójú gbogbo èèyàn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́látitó, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò nínú ìkòkò àwọn ọmọ mi." Ìyá Bọ́látitó gbé ọmọrogùn sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn lọ sí Ara.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bàbá kó òjé wọn kúrò lórí àjà, wọ́n sá a sí oòrùn bí ìṣe wọn. Kò pẹ́, ara Oyèbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Gbogbo agbolé ní, "Ẹ ò rí i?" Bàbá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Damaris gbà á jù wọ́n lọ.

Nígbà tí òjò tún dé ní 1965, òjé padà sórí àjà, inú rírun sì padà bá Oyèbọ̀dé. Damaris fúnra rẹ̀ ló ń dáná nígbà náà. Kò sí ẹlòmíràn tí a lè nawọ́ sí.

Ní oṣù keje, Oyèníran, ọmọ ẹ̀gbọ́n Fáwùmí ìyá Bàbá, ti Abíjàn dé. Iṣẹ́ bátìrì ló ń ṣe níbẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná wá fọ́nná sí sìgá, ó gbójú sókè, ó sì fi ìka nu etí àjà. Ìyẹ̀fun eérú funfun kún ìka rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rose, ẹ̀ ń dáná lábẹ́ èyí?"

Bàbá ní, "Mò ń sá a ni. Kò gbọdọ̀ lómi lára."

"Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, kì í jẹ́ ká mú búrẹ́dì wọ ibi tí a ti ń tú bátìrì, májèlé ni òjé inú rẹ̀. Ẹ wo ojú ọbẹ̀ yín."

Bàbá wo ojú ọbẹ̀, wọ́n rí ìyẹ̀fun náà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọn kò sì dìde títí ọbẹ̀ fi jó.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ara. Ìyá Bọ́látitó ń bó gbágùúdá. Bàbá dọ̀bálẹ̀ nínú èèpo gbágùúdá, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Bọ́látitó ń bó tiwọn lọ. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú agbolé lẹ ti lé mi. Èmi nìkan lẹ wá sọ èyí fún."

Bàbá padà sílé, wọ́n pe agbolé jọ. Àgbà kan ní, "Jídé, ọ̀rọ̀ yìí ti tutù. Kí lo tún ń tú ìdí ara rẹ sí?" Bàbá ní, "Òjé mi ló pa ọmọ mi. Kì í ṣe ọwọ́ obìnrin yẹn." Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n dìde ní ilé ìjọsìn, wọ́n tún un sọ. Wọ́n ri gbogbo òjé bátìrì mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé àti odò, wọ́n sì padà sí ìṣó ṣíṣà.

Ìyá Bọ́látitó padà wálé ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ti gbọ́ kò kúrò lọ́kàn àwọn ará ilé. Bí Ìyá Bọ́látitó bá bu ọbẹ̀ fún ọmọ, ìyá ọmọ a pè é wọlé. Bí wọ́n bá gbé àwo wá, a ó sọ pé a ti yó. Nígbà tó yá, wọ́n ń dá iná tiwọn lọ́tọ̀, ìwọ̀nba tí ẹnì kan lè jẹ. Bàbá ń rí i lójoojúmọ́.

Láti ọdún 1967, ọwọ́ Bàbá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láti ọrùn ọwọ́. Wọn kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ní ìparí, wọ́n sọ fún ìdílé pé, "Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn mi, ẹ má fo ọdún 1964 yẹn." Ìdí nìyí tí a kò fi fò ó. Wọ́n dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọdún 1969, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni: Damaris ìyàwó wọn, Rose, tó ti wà nílé ọkọ, Oyèbọ̀dé, tí ara rẹ̀ ti yá ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, ọmọọmọ kan tó jẹ́ ọmọ Rose lóbìnrin; Ọmọpẹ́ (Ìyá Bọ́látitó), ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn; àti Bọ́látitó ní Abíjàn.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Bàbá kú, Damaris lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Bọ́látitó, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n se oúnjẹ ìsìn ìdágbére òní. Wọ́n ní, "Ta ni yóò jẹ ẹ́?" Damaris ní, "Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ìyáálé mi, lójú gbogbo wọn."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin olórìṣà tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn: ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ Ọmọpẹ́ ìyàwó Ògúnṣọlá ló sè é. Lẹ́yìn ìsìn, ìdílé bẹ̀ yín, kí ẹ má sọ pé ẹ ti jẹun láti ilé. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà jẹ.

Bàbá Rose, ọwọ́ yín ti ṣe tirẹ̀. Kí Olúwa dárí jì yín, kí Ó sì gbà yín. Ẹ kí Fákẹ́mi. Ẹ sùn re o.