Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tí Ẹ Fi Sílẹ̀

Agbówà, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi Lùkúmàn,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ̀yin, ìyàwó àti àwọn ọmọ wà ní Jámánì? Ẹsẹ̀ Bàbá ò wú mọ́.

A rí fọ́tò ẹ̀rọ bísíkíìtì àti ti ilé ìwòsàn tí ẹ ṣe. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti bó ni Màmá fi ń rin ẹ̀gẹ́, torí ẹ̀rọ tí ẹ kọ́kọ́ ṣe fún wọn ti dẹnu kọlẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí wẹ́dà kankan fọwọ́ kàn án. Màmá á ní, "Lùkúmàn ló ṣe é, òun náà ló máa tún un ṣe." Gbogbo Iléyá lẹ ń ṣèlérí pé ẹ ń bọ̀ wá tún un ṣe.

Lánàá, mo tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ká aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí Màmá mọ́.

Àbúrò yín,
Sèlíátù