Ohun Tútù Tí Bàbá Rẹ Lè Gbé Mì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ọ̀gá yín obìnrin náà ti yá, ṣé àwọn tó ń gbé lókè ilé yín ti dẹ́kun fífa àga kiri lókè orí rẹ? Ohun tí o bá gbé ọwọ́ lé á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá rí ọ láàárọ̀ á fẹ́ràn rẹ di ọjọ́ alẹ́. Àmín.

Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ kọ sí ọ, má fòyà, jókòó kí o kà á tán. Láti ìgbà tí dókítà ti gé nǹkan yẹn kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, títí di ọjọ́ kẹsàn-án, kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹun kánú. Gbogbo ohun tí mo bá sè, á fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yíjú sí ògiri. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí rẹ̀, okùn ni mo fi dì í. Dókítà ní ká máa fún un ní ohun tútù tó rọ̀, tó sì ní mílíìkì nínú, pé ìyẹn ló máa tu egbò náà lára. Ìgbà tí mo sọ fún ọ lo fi obìnrin tó ń kọ́ni ní áìsìkirimù ṣíṣe ránṣẹ́ sínú fóònù mi. O ṣeun, ọmọ mi.

Obìnrin náà mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kù díẹ̀. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo ní kó dúró kí n lọ mú ṣúgà wá, kí n tó padà dé ó ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ń dá a jẹ. Mo bínú, mo gbé fóònù lọ bá aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, òun ló fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí kí obìnrin náà lè dúró. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹnu yíyà, àánú rẹ̀ á sì ṣe mí, n kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí ìdúró. Ó ní kí n tẹ agogo tó wà nísàlẹ̀. Mo wá agogo náà títí dé abẹ́ tábìlì, n kò rí i. Ó tún ní bí inú mi bá dùn kí n na àtàǹpàkò sókè, mo nà án, tọ̀tún tòsì, kó má baà sọ pé mo ṣahun. Bí o bá pàdé rẹ̀ nígboro, bá mi kí i.

A ò ní ẹ̀rọ kankan. Ó ní kò pọn dandan, pé kí n po mílíìkì àti ṣúgà sínú agolo kékeré tó ní ìdérí, kí n gbé agolo náà sínú korobá tí yìnyín kún inú rẹ̀, kí n da iyọ̀ sí i, kí n máa yí i. Mo gba yìnyín lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, nínú fírísà ńlá tó ń kó ẹja sí, ológbò méjì ló sìn mí délé. Níbi iyọ̀ ni mo ti ṣìnà. Wọ́n ní kí n da iyọ̀ sí i, inú mílíìkì ni mo dà á sí, odindi ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo bu díẹ̀ fún bàbá rẹ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó tọ́ ọ wò, ó wò mí títí, ó wá fa ìwé tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, mo ń rò ó pé àbí báyìí ló ṣe máa gbẹ lọ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì ni aránṣọ ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yìn agolo, lára yìnyín, ni iyọ̀ ń lọ, pé iyọ̀ ló ń mú kí òtútù rẹ̀ le sí i. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, láti ọdún tí mo ti ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀, ọbẹ̀ kan ò tíì torí ẹ̀ tutù. Ó ní kí n sáà dán an wò. Mo jókòó sí àgbàlá, mo ń fọwọ́ yí agolo náà, yìnyín ń dún kàràkàrà, agolo tutù débi pé ó fẹ́ máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Apá ro mí. Ni mo bá rí òjìji kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàbá rẹ ni. Ariwo náà ló gbé e dìde. O mọ̀ pé ẹni tó ti fi ogójì ọdún tún kẹ̀kẹ́ ṣe ò lè gbọ́ ohun tí kò yí dáadáa kó má wá wò ó. Ó wo ọwọ́ mi, ó mi orí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò tíì ṣí láti ọjọ́ yìí, ó mú pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ kan jáde. Ó dè é mọ́ orí agolo, ó fi orúnkún há korobá, ó sì ń yí i jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń yí táyà láti wò ó bóyá ó tọ́. Mo ṣe bí ẹni ń ṣa yìnyín, kó má baà rántí pé ara òun ò yá.

Nígbà tí a ṣí i, ó ti dì, ó funfun, ó rọ̀. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó di ojú. Ọ̀fun rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Ó lọ sókè, ó dúró, ó wálẹ̀. Ó bu òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, ó gbójú sókè, ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ayùn ń gé irin: "Ṣúgà rẹ̀ kéré."

Ọmọ mi, mo ní mo ń lọ mú ṣúgà, ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ, mo sì sunkún síbẹ̀.

Ẹ̀rọ oníná tí o ní o fẹ́ rà fún wa, bàbá rẹ ní òun ò fẹ́, pé tòun dára jù ú lọ, ó ti ń gbèrò láti fi ṣéènì sí i. Bí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra mílíìkì, torí àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, gbogbo wọn ni ọ̀fun ń dùn báyìí.

Ó ní lọ́jọ́ Àìkú òun fúnra òun máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò tíì pọ̀, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa, á máa fi ohun dídùn gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ, o ò ní gbọ́ ìròyìn tó máa mú ọ sáré wálé. Tí o bá gbọ́ tí bàbá rẹ dákẹ́, má pa fóònù o. Dúró dè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.