Wòlímọ̀ Èdè Jámánì

Ṣakí, 1981

Abíọ́nà ọmọ mi,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Àwọn àbúrò rẹ kí ọ. Iṣu ta dáadáa lóko lọ́dún yìí.

Ìyàwó rẹ náà kí ọ.

Má tíì pariwo, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí o ránṣẹ́ láti olú-ìlú pé o ti yege nínú èdè Jámánì, mo ní ọmọ mi ti parí ẹ̀kọ́ nìyẹn. Nílé kéwú tiwa, ẹni tó bá ka Kùránì parí, wòlímọ̀ ló kàn, ìyàwó ló sì ń tẹ̀ lé e. Mo pa àgbò. Lémọ́ọ̀mù so yìgì, mo dúró fún ọ, a gbé Àdìjátù àfẹ́sọ́nà rẹ wọlé.

Àná ni ọmọ Ìyápọ̀ aládùúgbò wa ti Jámánì dé. Ó ní èdè yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ rẹ, físà akẹ́kọ̀ọ́ lo fi ń wá, yunifásítì gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ku ọdún mẹ́fà! Háà! Títí di ìsinsìnyí, ẹnu mi ò tíì padé.

Mo pe Àdìjátù, mo sọ fún un. Mo rò pé yóò sunkún ni. Ó ní, "Bàbá, èdè tí wọ́n fi ń gba físà yẹn, ṣé wọ́n máa ń kọ́ obìnrin náà?"

Jọ̀wọ́, fi ìwé tí o fi kọ́ ọ ránṣẹ́ sí i. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún wa. Ṣùgbọ́n má fi falẹ̀ o: láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó sì fi èdè Jámánì tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ Ìyápọ̀ kí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràsáàkì