Ọmọ Tí Mo Pọ̀n Sísàlẹ̀ Jù

Challenge, Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n mi Theophilus,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó wa kú ọwọ́ lómi. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n tún ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń jórin. Ìyàwó mi Àpínkẹ́ náà ti rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní Baṣọ̀run.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé kí ẹ foríjì mí. Mo ti sọ kiri pé sípíríǹgì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dára. Mo jó irin pọ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí ọkọ̀ ń fà fún ìjọ wa, mo fi sípíríǹgì náà sábẹ́ rẹ̀, mo kọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá sí i. Bí ọkọ̀ ṣe sáré díẹ̀, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ dé.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá gbé oúnjẹ wá, wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àkànó, ìsàlẹ̀ ìdí lo pọn ọmọ yìí sí! Gbé e sún mọ́ ìyá rẹ̀."

A sún jẹnẹrétọ̀ náà síwájú, kí ìwúwo rẹ̀ lè tẹ ìkọ́ tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n, wọ́ọ́rọ́wọ́ la gbé e dé Àpáta! Sípíríǹgì yín ń mì jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Màmá ní àwọn pọn ọmọ mẹ́fà láìní sípíríǹgì, ìkankan kò já bọ́.

Olúwa á bá wa wo Ìrẹ̀mídé, ọmọ tuntun yín, dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ kíá. Màmá fẹ́ yẹ ibi tí ẹ so ọ̀já sí wò.

Àbúrò yín,
Àkànó